Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Yìí: Yíyan Gìtá Àkọ́kọ́ fún Ọmọdé

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ń náwó lé lórí láìmọ ohun tí wọn ń rà. Ohun náà ni gìtá àkọ́kọ́ tí a ń rà fún ọmọ tí ó ní ìfẹ́ sí orin. Kí ẹni tí ń kàwé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rọra kà á, kí ó sì máa dúró díẹ̀ ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tí ń gbọ́ lè bèèrè ohun tí kò bá yé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní bàbá kan ń gbé ní Àgbójú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ní ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ọmọ yìí máa ń jókòó sí iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó lè máa wo ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí ó bá délé, yóò mú ìgbálẹ̀, yóò gbé e sí àyà, yóò sì máa fi ìka ta á. Bàbá rẹ̀ rí i, ó sì wú u lórí. Ó tọ́jú owó fún oṣù 4. Ní ọjọ́ Sátidé kan ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà, òun nìkan, ó sì ra gìtá ńlá kan tí ń dán gbinrin, tí okùn rẹ̀ jẹ́ irin. Èrò rẹ̀ ni pé ọmọ náà yóò dàgbà bá a, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ra aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tóbi díẹ̀, kí ó lè pẹ́ lára ọmọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gìtá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí ìka rẹ̀ wú, ó sì ń sunkún. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, gìtá ti dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ìyá ọmọ sì wí pé: “Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa. Ọmọ yìí kò lẹ́bùn orin.” Ọmọ náà wà nínú yàrá, ó sì gbọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyẹn. Owó tí ó ṣòfò lè padà wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ lẹ́nu òbí rẹ̀ pé òun kò lẹ́bùn lè gbà á gbọ́ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe ọmọ náà. Irinṣẹ́ ni kò bá a mu. Àwọn àgbà wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. A lè ká apá aṣọ tí ó gùn jù, ṣùgbọ́n ta ni yóò ká ọrùn gìtá?

GÌTÁ TI DI ỌMỌ ILÉ

Àwọn mìíràn ń rò pé ohun àjèjì ni gìtá, àti pé eré lásán ni kí ọmọ kọ́ ọ. Òtítọ́ ni pé láti òkè òkun ni ó ti wá. Ní ilẹ̀ Sípéènì ni gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ń jẹ́ Antonio de Torres, tí ó gbé ayé láti 1817 sí 1892, ti ṣe gìtá sí ìrísí àti ìwọ̀n tí àwọn tí ń ṣe gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù ń tẹ̀lé títí di òní. Àwọn atukọ̀ ojú omi, pàápàá àwọn ọmọ Kru láti ilẹ̀ Làìbéríà, wà lára àwọn tí wọ́n gbé ọgbọ́n títa gìtá ká etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó dé Èkó, àwọn baba wa gbà á lálejò, wọ́n sì kọ́ ọ ní èdè Yorùbá.

Ní àwọn ọdún 1930 ni Túndé King sọ orin jùjú di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Èkó. Àyìndé Bákàrè tẹ̀lé e. I. K. Dairo gba oyè M.B.E. láti ọwọ́ Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963. Ebenezer Obey àti King Sunny Adé gbé e débi gíga, àwo orin Sunny Adé tí ó jáde ní 1982 sì mú kí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa jó ijó jùjú. Fàtàì Rolling Dollar, tí a bí ní 1927, ṣì ń ta gìtá rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó, kí ó tó papò dà ní 2013.

Àwọn ará Àgbójú kò sì jìnnà sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni ìlú Fẹ́sítàkì wà, èyí tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò tí wọ́n wá síbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní gbogbo àgbáyé, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 1977. Ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà ni Peter King, ògbóǹtarìgì afunfèrè sasofóònù, dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ sí. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Bùkọ́lá Ẹlẹ́mìdé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àṣá, ti kọ́ gìtá kí ó tó gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2007. Obìnrin ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé gìtá kì í ṣe ti ọmọbìnrin.

WỌN ỌMỌ KÍ O TÓ KA OWÓ

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí òbí mọ̀ ni pé oríṣiríṣi ìwọ̀n ni gìtá ní, gẹ́gẹ́ bí bàtà. A máa ń fi ibi tí okùn ti ń dún mọ ìwọ̀n rẹ̀, èyíinì ni láti eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní ìdí orí gìtá títí dé eegun kejì tí ó wà lórí ikùn rẹ̀. Mú téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, kí o sì wọ̀n ọ́n. Bí àwọn ìwọ̀n náà ti rí nìyí:

1. Gìtá ìdámẹ́rin, tí a ń kọ sí ara rẹ̀ báyìí: 1/4. Okùn rẹ̀ kò tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Ó wà fún ọmọ ọdún 4 sí 6, tí gíga rẹ̀ wà láàárín 100 sí 115 sẹ̀ǹtímítà.

2. Gìtá ìdajì, 1/2. Okùn rẹ̀ tó nǹkan bí 53 sẹ̀ǹtímítà. Ó wà fún ọmọ ọdún 6 sí 8, tí gíga rẹ̀ wà láàárín 115 sí 130.

3. Gìtá ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin, 3/4. Okùn rẹ̀ tó nǹkan bí 58 sẹ̀ǹtímítà. Ó wà fún ọmọ ọdún 8 sí 11, tí gíga rẹ̀ wà láàárín 130 sí 150.

4. Gìtá odidi, 4/4. Okùn rẹ̀ tó 65 sẹ̀ǹtímítà. Ó wà fún àwọn tí gíga wọn ti kọjá 150, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọmọ ọdún 12.

Ẹ kíyèsí i pé orúkọ lásán ni àwọn ìdá wọ̀nyí. Okùn gìtá “ìdajì” kì í ṣe ìdajì okùn gìtá odidi rárá. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nítorí náà, má ṣe gba orúkọ tí oníṣòwò bá pè é. Téèpù rẹ ni kí o gbà gbọ́. Gíga ọmọ ni kí o sì fi yàn án ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, nítorí àwọn ọmọ ọdún kan náà kì í ga bákan náà.

Lẹ́yìn èyí, mú ọmọ fúnra rẹ̀ dé ọjà. Kò sí ẹni tí ń ra bàtà fún ọmọ tí ó fi sílẹ̀ sílé kí ẹsẹ̀ má baà dọ̀tí. Jẹ́ kí ó jókòó lórí àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí o sì gbé gìtá lé e lórí itan. Wo ohun mẹ́ta. Èkínní, nígbà tí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá dé ìdí orí gìtá, ìgbúnwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì ká díẹ̀. Bí apá rẹ̀ bá nà tán bí ẹni tí ń ká máńgòrò, gìtá náà tóbi jù. Èkejì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba orí ikùn gìtá kọjá dé ibi okùn láìjẹ́ pé èjìká rẹ̀ gòkè. Ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè gìtá, kí ó má ṣe máa yọjú lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí ń yọjú lẹ́yìn odi.

OKÙN NÁÍLỌ́Ọ̀NÙ TÀBÍ OKÙN IRIN?

Ẹ̀yà méjì ni gìtá tí kò lo iná mànàmáná. Ọ̀kan ń lo okùn náílọ́ọ̀nù, èkejì ń lo okùn irin. Ní àtijọ́, ìfun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe okùn gìtá, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi awọ ẹran ṣe ọsán dùndún. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ìfun yìí wọ́n gógó, ni Albert Augustine, tí ń ṣe gìtá ní ìlú New York, bá fi náílọ́ọ̀nù ṣe okùn, tí Andrés Segovia, àgbà olùta-gìtá ilẹ̀ Sípéènì, sì tẹ́wọ́ gbà á. Láti ìgbà náà ni náílọ́ọ̀nù ti gba ipò ìfun.

Fún ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, náílọ́ọ̀nù ni ó sàn jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le. Ó máa ń gé awọ orí ìka tí kò tí ì le. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo agbára tí okùn fi ń fa ọrùn gìtá. Okùn náílọ́ọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà lára gìtá odidi ń fi agbára tí ó tó nǹkan bí 40 kílò fà á, èyí tí kò tó ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì kan. Okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà a máa fi nǹkan bí 70 kílò fà á, èyí tí ó ju àpò kan lọ dáadáa. Okùn tí ó le tó bẹ́ẹ̀ ni a ń ní kí ìka ọmọ ọdún 8 tẹ̀ mọ́lẹ̀!

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìkìlọ̀ ńlá kan wà. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn irin sí gìtá tí a ṣe fún náílọ́ọ̀nù nítorí pé “yóò dún kíkan.” A kò ṣe igi rẹ̀ fún ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tẹ ọrùn rẹ̀, yóò ṣí ikùn rẹ̀ kúrò nídìí.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Lára gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù, okùn mẹ́ta tí ó nípọn máa ń dán bí irin, nítorí pé a fi wáyà wẹ́wẹ́ wé náílọ́ọ̀nù inú wọn. Nítorí náà má ṣe wo àwọn wọ̀nyí. Okùn mẹ́ta tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o wò. Bí wọ́n bá rí bí okùn ìwọ̀ ẹja, náílọ́ọ̀nù ni. Bí wọ́n bá dán bí abẹ́rẹ́, irin ni.

Bí ọmọ bá ti ga tó, tí ó sì wù ú láti kọ orin tí ó nílò okùn irin, kò sí ìbẹ̀rù. Kí ó kọ́kọ́ lo náílọ́ọ̀nù fún ọdún kan tàbí méjì. Ní ti gìtá oníná tí àwọn ẹgbẹ́ jùjú ń lò, ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti iná mànàmáná ń bẹ nínú ìnáwó rẹ̀. Kí ó dúró de ọjọ́ iwájú. Ọmọ tí kò tó ọdún 5 sì lè fi ukulélè bẹ̀rẹ̀. Okùn náílọ́ọ̀nù mẹ́rin péré ni ó ní, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé.

ÀYẸ̀WÒ MÉJE NÍBI ÌSỌ̀

Nígbà tí o bá ti rí ìwọ̀n tí ó bá ọmọ mu, má tíì dá owó. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣe àyẹ̀wò méje yìí ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Èkínní, wo ọrùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí káfíńtà ti ń wo pákó. Gbé ìdí orí gìtá súnmọ́ ojú kan, di ojú kejì, kí o sì wo gbọọrọ ọrùn náà dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá lọ́ bí igi tí oòrùn pa, fi sílẹ̀.

Èkejì, wo bí okùn ti jìnnà sí ọrùn tó. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jùlọ, òun ni ó sì fara sin jùlọ. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú ọrùn gìtá, tí àwọn olórin ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì. Ka wọn láti ìdí orí títí dé ìkejìlá. Káàdì báǹkì kan nípọn tó ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin mìlímítà. Mú káàdì márùn-ún tí kò wúlò mọ́, tò wọ́n lé ara wọn, kí o sì kì wọ́n sí abẹ́ okùn tí ó nípọn jù, lórí fírẹ́ẹ̀tì ìkejìlá. Bí márààrún bá wọlé láìkan okùn, okùn náà ga jù fún ọmọdé. Fún okùn irin, mẹ́rin péré ti pọ̀ jù. Okùn tí ó ga jù ni ó ń mú kí ọmọ sunkún, tí àwọn àgbà sì ń pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ̀kẹta, fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹnu àwọn fírẹ́ẹ̀tì bá ń ha ọ́ lọ́wọ́, yóò ha ọmọ rẹ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin, tẹ okùn kọ̀ọ̀kan lórí fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí o sì ta á. Ohùn gbọ́dọ̀ mọ́. Bí okùn bá ń kùn bí eṣinṣin tí a dé mọ́ inú ìgò, ohun kan kò tọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ta okùn kan láìtẹ̀ ẹ́, kí o tún tẹ̀ ẹ́ lórí fírẹ́ẹ̀tì ìkejìlá, kí o sì ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, bí ìgbà tí bàbá àti ọmọ rẹ̀ kékeré bá ń kọ orin kan náà: ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè, ṣùgbọ́n ohùn kan ni. Bí wọn kò bá bára mu, kò sí olùkọ́ tí ó lè mú kí gìtá náà kọ orin tí ó yè kooro.

Ẹ̀kẹfà, yí àwọn kọ́kọ́rọ́ tí ó wà ní orí gìtá, tí a fi ń fa okùn le. Wọ́n gbọ́dọ̀ yí láìfò, kí okùn sì dúró síbi tí o bá yí i dé.

Èkeje, mú bébà pẹlẹbẹ kan, kí o sì gbìyànjú láti kì í bọ abẹ́ pákó tí okùn so mọ́ lórí ikùn gìtá. Bí bébà bá wọlé, pákó náà ti ń ṣí. Okùn ni yóò fà á já níkẹyìn.

Bí o kò bá mọ̀ nípa orin, bẹ ẹnì kan tí ó mọ gìtá ta pé kí ó bá ọ lọ. Ìwọ̀nba owó ọkọ̀ tí o san fún un kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gìtá tí kò wúlò.

TUNTUN TÀBÍ TÒKUNBỌ̀

Gìtá tòkunbọ̀ kò burú, bí ó bá ti yege nínú àyẹ̀wò méje náà. Kódà, ó lè sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ohun tí a kò gbọdọ̀ rà ni gìtá ìṣeré oníke tí a fi ń tan ọmọ. Kò lè di ohùn mú, etí ọmọ ni yóò sì bàjẹ́.

Àwọn oníṣòwò lè sọ fún ọ pé gìtá tí a fi ojúlówó pákó kan ṣe ikùn rẹ̀ ni ó dára jù. Òótọ́ ni pé ohùn rẹ̀ dùn jù. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ tí òjò àti ọ̀yẹ́ ti ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, èyí tí a fi pláíwúùdù ṣe dára tó. Owó rẹ̀ kéré, kì í sì tètè là.

Má ṣe ná gbogbo owó tí o mú lọ́wọ́ tán sórí gìtá nìkan. Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àpò rẹ̀, fún okùn mìíràn, àti fún ẹni tí yóò bá ọ rẹ okùn sílẹ̀ bí ó bá ga díẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bóyá okùn wà ní ohùn rẹ̀, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù alágbèéká.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Àgbójú àti agbègbè rẹ̀ kò jìnnà sí omi ọ̀sà, ọ̀rinrin sì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rinrin ń mú kí pákó wú, kí irin sì dípẹtà. Nígbà tí ọ̀yẹ́ bá sì dé, pákó kan náà yóò gbẹ, yóò sì sún kì. Nítorí náà, kí ọmọ máa fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn tí ó bá ti ta á tán, kí ó sì dá gìtá padà sínú àpò. Má ṣe gbé e sí abẹ́ páànù gbígbóná, má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó wà nínú oòrùn, má sì ṣe gbé e ti ògiri tí omi ń rin. Ooru ń yọ́ àtè tí a fi lẹ̀ ẹ́.

ỌWỌ́ ÒSÌ ÀTI ETÍ YORÙBÁ

Níwọ̀n ìgbà tí gìtá bá ti bá ọmọ mu, ìṣẹ́jú 10 sí 15 lóòjọ́ tó fún un. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé nìkan. Orí ìka yóò dùn ún díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan awọ rẹ̀ yóò le, bí ọwọ́ àgbẹ̀. Kí ó gé èékánná ọwọ́ òsì rẹ̀ kúkúrú.

A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé ọwọ́ òsì kò yẹ fún kíkí àgbà tàbí gbígba nǹkan. Ẹ ṣàlàyé fún ọmọ pé lórí gìtá, kò sí ẹ̀gàn fún ọwọ́ òsì. Òun ni ó ń yan ohùn, tí ọwọ́ ọ̀tún ń sọ ọ́ jáde. Bí ọmọ bá sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì nípa ìdá, ẹ jẹ́ kí ó gbìyànjú ìhà méjèèjì, kí ẹ tó pinnu. Ẹ má ṣe nà án nítorí rẹ̀.

Anfààní ńlá kan sì wà tí ọmọ Yorùbá ní, tí àwọn òbí kì í rántí. Èdè wa fúnra rẹ̀ ti kọ́ etí ọmọ ní dò, re, mí kí ó tó rí gìtá. Lórí okùn èyíkéyìí, bí a bá ta á láìtẹ̀ ẹ́, dò ni. Bí a bá tẹ fírẹ́ẹ̀tì kejì, re ni. Bí a bá tẹ fírẹ́ẹ̀tì kẹrin, mí ni. Kí ọmọ ta fírẹ́ẹ̀tì kejì lẹ́ẹ̀méjì: ó ti sọ “ọkọ.” Kí ó ta ìkejì, kí ó sì ta ìkẹrin: “ọkọ́” ni, tí a fi ń roko. Kí ó ta ìkejì, kí ó sì ta okùn láìtẹ̀ ẹ́: “ọkọ̀” ni, tí a ń wọ̀. Kí ó ta okùn náà lẹ́ẹ̀méjì láìtẹ̀ ẹ́: “ọ̀kọ̀” ni, tí ọdẹ ń gbé. Bí àwọn àyàn ti ń fi gángan sọ̀rọ̀ ni ọmọ yóò ṣe máa fi gìtá sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá wa ní Àgbójú. Ó gbé gìtá ńlá náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gba owó tí kò tó iye tí ó fi rà á. Ó mú téèpù, ó wọn ọmọ: gíga rẹ̀ jẹ́ 124 sẹ̀ǹtímítà. Ó mú un dání lọ sí ọjà, ó sì kó káàdì márùn-ún sí àpò. Ìsọ̀ mẹ́ta ni wọ́n dé. Ní ìsọ̀ kẹta wọ́n rí gìtá ìdajì tòkunbọ̀ kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí díẹ̀, tí káàdì karùn-ún kò lè wọ abẹ́ okùn rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá wà ní ilé ìdáná, ọmọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ta okùn kan ṣoṣo. Ó ta re, ó ta mí. Ìyá rẹ̀ dáhùn láti inú: “Ọkọ́ ni o sọ yẹn!” Ọmọ ta re, ó ta dò. “Ọkọ̀ nìyẹn!” Ìyá gbé ṣíbí ọbẹ̀ kalẹ̀, ó sì jáde wá jókòó tì í. Kò tún sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn mọ́ ní ilé náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó mú kí ọmọ inú àpẹẹrẹ wa pa gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́ tì? Ta ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀?

2. Ọmọ kan ga ní 140 sẹ̀ǹtímítà. Irú gìtá wo ni ó yẹ ẹ́? Báwo ni ẹ ó ṣe fi téèpù mọ̀ pé òun ni oníṣòwò gbé fún yín?

3. Èwo nínú okùn mẹ́fà ni a ó wò láti mọ̀ bóyá náílọ́ọ̀nù ni tàbí irin?

4. Kí ni a ń fi káàdì márùn-ún wò? Kí ni a sì ń fi bébà wò?

5. Ẹ mẹ́nu ba iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ní àdúgbò yín tí a ti ń fún ọmọdé ní irinṣẹ́ àgbàlagbà. Kí ni ẹ lè ṣe sí i?